Ìrì Tó Ń Sẹ̀ Sínú Iná Iwájú Ọkọ̀: Ìgbà Wo Ni Ó Di Ọ̀ràn?

Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, tàbí bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ọkọ̀ tán, ó ṣeé ṣe kí a rí i pé inú iná iwájú ọkọ̀ ti ṣe bàìbàì, tí ìrì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti bo ojú rẹ̀ láti inú, níbi tí ọwọ́ kò lè dé láti nù ún. Ohun tó máa ń da ọ̀rọ̀ yìí rú mọ́ ènìyàn lójú ni pé ìmọ̀ràn méjì tó tako ara wọn ni ẹni tó bá béèrè máa ń gbọ́. Ẹnì kan á ní kò sí ohun tó ṣe iná náà, kí a fi í sílẹ̀, yóò gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹlòmíràn á ní omi ti ń wọ inú rẹ̀, kí a tètè fi gọ́ọ̀mù dí gbogbo ihò ara rẹ̀, tàbí kí a ra òmíràn. Kò sí èyí tó parọ́ nínú àwọn méjèèjì, nítorí pé ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló lè mú kí iná ọkọ̀ ṣe bàìbàì láti inú: ìrì tó sẹ̀ láti ara afẹ́fẹ́, àti omi tó gba ibi tó bàjẹ́ wọlé. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ohun tí a ń ṣe sí ọ̀kan lè ba èkejì jẹ́, ìdí sì nìyí tí ó fi yẹ kí a mọ èyí tó wà níwájú wa kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí a mọ̀ ni pé a kò dé iná iwájú ọkọ̀ òde òní pa. Ihò wà lára rẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló sì mọ̀ọ́mọ̀ dá ihò náà sí i. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ó rí látẹ̀yìnwá níbi gbogbo. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1940, odindi dígí kan tí a lẹ̀ pa ni iná iwájú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́, tí okùn tó ń mọ́lẹ̀, awo tó ń ta ìmọ́lẹ̀ síwájú àti ojú iná jọ wà nínú rẹ̀ láìsí ibi tí afẹ́fẹ́ lè gbà wọlé. Bí okùn náà bá jó, odindi iná ni a ń yọ dànù. Ìrì kò lè sẹ̀ sínú irú iná bẹ́ẹ̀ àfi bí dígí rẹ̀ bá sán. Ọdún 1983 ni ìjọba ibẹ̀ gba ẹ̀bẹ̀ ilé iṣẹ́ Ford, tí wọ́n sì fàyè gba iná tí gílóòbù rẹ̀ ṣeé pààrọ̀, tí ojú rẹ̀ sì lè jẹ́ ike. Ọkọ̀ Lincoln Mark VII ti ọdún 1984 ló kọ́kọ́ gbé e jáde níbẹ̀. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, iná tí gílóòbù rẹ̀ ṣeé pààrọ̀ ti wà tipẹ́tipẹ́ ṣáájú ìgbà náà. Èrè pọ̀ nínú àyípadà yìí: iná di fífúyẹ́, ó lè bá ìrísí ọkọ̀ mu, gílóòbù nìkan la sì ń rà bí ó bá jó. Ṣùgbọ́n inú iná di àyè ńlá tó kún fún afẹ́fẹ́ lásán, afẹ́fẹ́ yìí sì ní láti rí ọ̀nà máa wọlé kí ó sì máa jáde.

Ó dára kí a mọ àwọn ẹ̀yà rẹ̀ kí a tó lọ jìnnà, nítorí wọn yóò máa jẹ yọ nínú àlàyé yìí. Ojú iná ni apá iwájú tó mọ́ gaara tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà jáde. Polycarbonate ni a fi ń ṣe é, ìyẹn ike líle tí kì í tètè fọ́. Ilé iná ni ike dúdú tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Etí ojú iná máa ń wọ inú kòtò tóóró kan tó yí ẹnu ilé iná po, gọ́ọ̀mù tó kún inú kòtò náà ló sì ń di méjèèjì mú tí omi kò fi lè gba àárín wọn kọjá. Nínú lọ́hùn-ún ni awo dídán wà, tí a fi aluminium fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò kí ó lè máa ta ìmọ́lẹ̀ síwájú. Lẹ́yìn, ní apá ẹ́ńjìnnì, ìdérí wà níbi tí a ń gbà pààrọ̀ gílóòbù, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sì yí etí ìdérí náà ká.

Ibi ẹ̀yìn yìí kan náà ni ihò èémí, ìyẹn ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tí ó sì ń gbà jáde, sábà máa ń wà. Ẹni tó bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tí ó sì tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn iná dáadáa lè rí wọn. Òmíràn jẹ́ ọ̀pá rọ́bà kúkúrú tó tẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ilẹ̀ kí omi má baà ṣàn wọ inú rẹ̀. Òmíràn jẹ́ ìdérí kékeré tí kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ, tí fóòmù tàbí awọ funfun pẹlẹbẹ wà lábẹ́ rẹ̀. Ihò ara awọ funfun yìí kéré débi pé ẹ̀kán omi kò lè gbà á kọjá, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin tó wà nínú afẹ́fẹ́ ń gbà á wọlé, wọ́n sì ń gbà á jáde. Ihò èémí sábà máa ń ju ẹyọ kan lọ, tí ọ̀kan á wà lókè tí èkejì á wà nísàlẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè gba ibì kan wọlé kí ó gba ibòmíràn jáde.

Kí ló dé tí wọn kò kúkú dí gbogbo rẹ̀ pa? Ooru ni ìdí rẹ̀. Gílóòbù halogen, ìyẹn irú gílóòbù tí okùn inú rẹ̀ ń gbóná títí yóò fi mọ́lẹ̀, tí a ń tàn lálẹ́ sábà máa ń gba wáàtì 55, èyí tó pọ̀ jù nínú agbára yìí ni ó sì ń di ooru. Bí iná bá ti ń jó, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń gbóná, ó ń fẹ̀, ó sì ń wá ọ̀nà àtijáde. Bí a bá pa iná, afẹ́fẹ́ náà á tutù, á sún kì, á sì máa fa ti ìta wọlé. Bí afẹ́fẹ́ inú iná bá tutù láti 60°C sí 20°C, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́jọ àyè inú iná náà tí afẹ́fẹ́ tuntun yóò wọlé wá dí. Bí ihò èémí kò bá sí, fífà yẹn kò ní dáwọ́ dúró. Gọ́ọ̀mù àti rọ́bà ìdérí ni yóò máa fà, títí tí ibi tó bá rọ̀ jù lọ á fi jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Bí omi òjò bá sì wà ní ibi tó rọ̀ náà lásìkò yẹn, omi ni iná yóò fà wọlé dípò afẹ́fẹ́. Ihò èémí ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé ibẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá dí i pé kí omi má baà wọlé ti ṣílẹ̀kùn fún omi níbòmíràn.

Afẹ́fẹ́ tó ń wọlé yìí kò wọlé lásán, ọ̀rinrin wà nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbóná lè gba ọ̀rinrin mọ́ra ju afẹ́fẹ́ tútù lọ, ìyàtọ̀ náà sì pọ̀. Nínú àyè kan tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan, afẹ́fẹ́ tó wà ní 30°C lè gbé omi tó tó nǹkan bíi gíráàmù 30; ní 20°C, kò lè gbé ju nǹkan bíi gíráàmù 17 lọ; ní 10°C, kò tó gíráàmù 10. Bí afẹ́fẹ́ tó ti gba ọ̀rinrin dé góńgó bá wá fara kan ohun tútù, èyí tí kò lè gbé mọ́ á sẹ̀ sára ohun náà, bí ìgò omi tútù ṣe ń làágùn nígbà tí a bá gbé e síta. Ojú iná ni ohun tútù náà. Ní òru tí ojú ọ̀run bá mọ́ kedere, ojú iná tó kọjú síta ń sọ ooru rẹ̀ nù sójú ọ̀run títí yóò fi tutù ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ. Bí òjò bá ń lù ú, tàbí tí a bá da omi tútù lé e lórí nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ń gba ooru ẹ́ńjìnnì, ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀. Ibi tó bá jìnnà jù sí gílóòbù, pàápàá kọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àti apá tó yí sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ni ìrì sábà máa ń kọ́kọ́ sẹ̀ sí, nítorí ooru kì í tètè dé ibẹ̀.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í rò mọ́ ọ̀rọ̀ yìí: ike fúnra rẹ̀ ń mu ọ̀rinrin díẹ̀díẹ̀ lásìkò tí ojú ọjọ́ bá tutù tó sì rin, ó sì ń tú u sílẹ̀ sínú iná nígbà tó bá gbóná. Ìdí nìyẹn tí iná tuntun tí kò ní àbùkù kankan fi lè ní ìrì nínú, tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ sì fi kọ ọ́ sínú ìwé ìtọ́nisọ́nà wọn pé ìrì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kì í ṣe àbùkù.

Iná LED, tí ẹ̀rọ kéékèèké ń tan ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ láìsí okùn tó ń jó, ti mú kí ọ̀rọ̀ yìí wọ́pọ̀ sí i. Ojú iná halogen ń rí ooru gbà lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ gílóòbù ń gbé ooru lọ síwájú, ojú iná á yá gágá, ìrì á sì gbẹ. LED náà ní ooru, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni ooru rẹ̀ ń gbà jáde, sára irin tí a fi ń tu ú lára. Ìmọ́lẹ̀ tó ń lọ síwájú kì í fi bẹ́ẹ̀ mú ooru dání. Ojú iná á wá tutù, ìrì á sì pẹ́ lára rẹ̀. Nítorí èyí, àwọn ilé iṣẹ́ kan ń fi ohun tí kì í jẹ́ kí ìrì dúró kun ojú iná láti inú, àwọn kan ń fi fáànù kékeré sínú rẹ̀, àwọn mìíràn sì ń fi àpò kékeré tó ń fa ọ̀rinrin sí i. Ẹni tó kúrò lórí ọkọ̀ oníhalogen bọ́ sórí ọkọ̀ oní-LED gbọ́dọ̀ ní sùúrù díẹ̀ sí i kí ó tó pariwo pé iná òun ti bàjẹ́.

Báwo wá ni a ṣe ń mọ ìrì yàtọ̀ sí omi tó jò wọlé? Kí a sún mọ́ iná náà, kí a wò ó fínnífínní ní ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Ìrì máa ń rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó dọ́gba, kò sì ní ẹ̀kán tí ojú lè kà. Ó sábà máa ń wà ní ibì kan lára ojú iná, kì í bo gbogbo rẹ̀. Omi tó jò wọlé a máa ní ẹ̀kán ńláńlá tó ń ṣàn wálẹ̀, ipa rẹ̀ a sì máa hàn bí ìlà funfun nígbà tó bá gbẹ. Kí a wo ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ojú iná àti ilé iná ti pàdé: bí omi bá gbá jọ síbẹ̀, tí ó ń mì nígbà tí a bá fọwọ́ gbá ara ọkọ̀, kò sí àríyànjiyàn mọ́, omi ń wọlé láti ibì kan. Bẹ́ẹ̀ ni bí ewéko tútù bá ti ń hù sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, tàbí bí ẹrẹ̀ bá ti gbẹ síbẹ̀, nítorí pé ìrì kì í gbé ẹrẹ̀ wọlé.

Ká tún wo iná kejì. Iná méjèèjì jọ wà lára ọkọ̀ kan náà, wọ́n sì ń fara gba òjò àti òtútù kan náà. Bí méjèèjì bá ní ìrì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ojú ọjọ́ ló fà á. Bí ọ̀kan bá gbẹ táútáú, tí èkejì sì ń ṣe bàìbàì lójoojúmọ́, èyí tó ń ṣe bàìbàì ló ní àrùn lára. Mo fara mọ́ ìdánwò yìí ju gbogbo èyí tó kù lọ, nítorí kò gba irinṣẹ́, kò gba owó, kì í sì í sábà tan ènìyàn jẹ. Ìrì lè pọ̀ díẹ̀ ní apá kan nítorí pé ohun gbígbóná inú ẹ́ńjìnnì sún mọ́ apá kejì, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní mú kí omi dúró sínú ọ̀kan.

Ìdánwò tó kẹ́yìn ni àkókò. Kí a tan iná kí a sì wa ọkọ̀ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Bí ó bá jẹ́ ìrì lásán, ojú iná yóò ti máa mọ́ láti ibi tó sún mọ́ gílóòbù lọ sí etí, títí yóò fi ku díẹ̀ ní kọ̀rọ̀ tàbí kí ó má kù rárá. Ó sàn kí ọkọ̀ máa rìn ju kí a kàn tan iná sórí ìdúró lọ, nítorí pé atẹ́gùn tó ń kọjá lẹ́yìn iná ń bá ihò èémí fa ọ̀rinrin jáde. Yàtọ̀ sí èyí, iná tí a tàn láìsí ẹ́ńjìnnì ń jẹ bátìrì. Bí ìrì náà bá wà síbẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tí òjò kò rọ̀, tí a sì ń wa ọkọ̀ dáadáa, kí a yáa wá ìdí rẹ̀.

Kí a má ṣe fi ìrì wé ojú iná tó ti pupa rúsúrúsú tàbí tó ti funfun bí ẹfun. Oòrùn ló ń ṣe ìyẹn, ìta ojú iná ló sì ń bàjẹ́, kì í ṣe inú. Bí a bá fi omi rin ín láti ìta tí ó sì mọ́ fún ìgbà díẹ̀, oòrùn ló jó o. Fífá a pẹ̀lú pépà ìfágí àti dídán an lè ṣe é lóore, ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe lè fá ìta kí ìrì inú kúrò.

Tí ó bá wá dá wa lójú pé omi ló ń wọlé, ẹ̀yìn iná ni kí a ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, kì í ṣe iwájú. Ohun tó wọ́pọ̀ jù ni ìdérí tí wọn kò dé padà dáadáa nígbà tí wọ́n pààrọ̀ gílóòbù. Ibẹ̀ há, ọwọ́ kì í fẹ́ wọ̀ ọ́, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kì í sì í rí ohun tó ń ṣe, àfi kí ó máa fọwọ́ tá a. Ìdérí náà lè wọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan kí ó má wọ̀ ní ìkejì, rọ́bà etí rẹ̀ lè ká kò, ó tilẹ̀ lè jábọ́ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Kí a yọ ìdérí náà, kí a fọwọ́ tọ rọ́bà rẹ̀ yípo. Ó yẹ kí ó rọ̀, kí ó sì lè nà. Bí ó bá ti le, tí ó pẹlẹbẹ, tàbí tí ó ti sán, òun la ó pààrọ̀, kò sì sí ìdí láti ra odindi iná. Àwọn tó fi gílóòbù LED rọ́pò halogen nínú ilé iná halogen sábà máa ń bọ́ sínú wàhálà yìí, nítorí pé ìdí gílóòbù náà gùn, ìdérí kò sì lè dé mọ́. Wọ́n á wá fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí tàbí kí wọ́n gé ihò sí i láàárín. Bí iná wọn bá kún fún omi lẹ́yìn òjò méjì, ibi tó gbà wọlé ti hàn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ihò èémí. Ẹrẹ̀ lè dí i, aláǹtakùn lè ta okùn sí i, ọ̀pá rọ́bà rẹ̀ sì lè yọ kúrò nígbà tí wọ́n ń tú ọkọ̀. Èyí tó dí kò ní jẹ́ kí ọ̀rinrin jáde. Èyí tí ọ̀pá rẹ̀ yọ yóò jẹ́ kí omi tó ń ta láti ilẹ̀ wọlé tààrà. Fífi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá ẹnu rẹ̀ mọ́ ti tó. Kí a má ṣe fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ alágbára fẹ́ ẹ, nítorí awọ funfun tó wà níbẹ̀ yóò ya.

Sísán ojú iná, etí rẹ̀ tó ṣí lára ilé iná, àti ọwọ́ ike tó dá nígbà tí ọkọ̀ fara gbún nǹkan ni ó kù. Ìkọlù kékeré tí kò fọ́ ohunkóhun tó hàn lè fa gọ́ọ̀mù ya nísàlẹ̀, lábẹ́ bọ́ńpà, níbi tí ojú kò lè dé. Ẹ̀rọ tó ń tu omi pẹ̀lú agbára náà lè ti omi wọlé láàárín gọ́ọ̀mù tó dára, bí a bá gbé ẹnu rẹ̀ sún mọ́ etí iná jù.

Èéṣe tí a kò fi lè fi omi náà sílẹ̀ níbẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí iná ṣì ń tàn? Nítorí pé ìparun rẹ̀ kì í ṣe lójú kan náà. Ẹ̀kán omi tó wà lójú iná ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ káàkiri, ojú ọ̀nà á ṣókùnkùn fún ẹni tó ń wakọ̀, ìmọ́lẹ̀ tó fọ́n á sì gún ẹni tó ń bọ̀ níwájú lójú. Ọ̀rinrin tó ń pẹ́ nínú iná á jẹ aluminium ara awo dídán, á di ẹ̀ẹ́rí, á sì bó. Bí awo yìí bá ti bó, kò sí gbígbẹ tó lè dá a padà. Ẹnu wáyà á dípẹtà. Gílóòbù halogen tó ń jó lọ́wọ́ gbóná gan-an, ẹ̀kán omi kan tó bá já lé e lórí lè mú kí ó fọ́. Iná xenon, èyí tí iná mànàmáná ń gba inú gáàsì kọjá kí ó tó mọ́lẹ̀, ní ewu tirẹ̀, nítorí pé ó ń gba agbára iná mànàmáná tó ju fóòtì (volt) 20,000 lọ kí ó tó tàn. Omi àti irú agbára bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ jọ gbé inú ilé kan, ẹni tí kò bá sì kọ́ iṣẹ́ iná ọkọ̀ kò gbọdọ̀ tú u. Ní ti LED, omi á ba pátákó tó ń darí iná náà jẹ́, lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀, odindi iná ni a ó sì rà.

Bí ọkọ̀ bá ṣì wà lábẹ́ àdéhùn àtúnṣe ọ̀fẹ́, kí a ya àwòrán ohun tí a rí, kí a gbé e lọ fún àwọn tó ta ọkọ̀, kí a má ṣe tú ohunkóhun. Bí kò bá sí lábẹ́ àdéhùn, a lè gbẹ iná halogen fúnra wa. Kí a pa iná, kí a jẹ́ kí gílóòbù tutù pátápátá, kí a ṣí ìdérí ẹ̀yìn, kí a sì yọ gílóòbù láìfi ọwọ́ lásán kan dígí rẹ̀, nítorí pé òróró ara ọwọ́ ń dín ọjọ́ ayé rẹ̀ kù. Ọjọ́ tí oòrùn ràn, tí afẹ́fẹ́ sì gbẹ, ni kí a ṣe é. Ẹni tó bá ṣí iná lásìkò òjò kàn ń da ọ̀rinrin mọ́ ọ̀rinrin ni. Kí a kọ ojú ọkọ̀ sí oòrùn fún wákàtí mélòó kan, kí a ta aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ẹnu ihò náà nítorí kòkòrò. A lè fi ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ irun ràn án lọ́wọ́, ní ooru tó kéré jù lọ, láti ọ̀nà jíjìn díẹ̀. Ẹ̀rọ tí a fi ń bó ọ̀dà kò yẹ níbẹ̀, nítorí yóò yọ́ ike.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ti aṣọ bọ inú rẹ̀ láti nu awo dídán. Aluminium tó wà lára rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé aṣọ rírọ̀ pàápàá ń họ ọ́. Àpò kékeré tó ń fa ọ̀rinrin, irú èyí tí a máa ń bá nínú páálí bàtà tuntun, lè mú ọ̀rinrin tó kù, bí a bá fi í síbi tí kò ti lè kan gílóòbù, tí a sì yọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Kò lè wo iná tó ń jò sàn, nítorí láìpẹ́ á kún fún omi, kò sì ní lè fa òmíràn mọ́.

Àṣà méjì wà tó ń dùn mí gidigidi, nítorí pé iná tó ṣeé tún ṣe ni wọ́n ń bà jẹ́. Àkọ́kọ́ ni lílu ihò sí ìsàlẹ̀ ilé iná kí omi lè máa ṣàn jáde. Omi á ṣàn jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n eruku, kòkòrò àti omi tí táyà ń ta á máa gba ibẹ̀ wọlé, nítorí pé ihò náà kò ní awọ tó ń sẹ́ omi. Èkejì ni fífi sílíkọ́ọ̀nù yí gbogbo ara iná po láìgbẹ ẹ́, tí ihò èémí náà á sì bá a lọ. Omi tó wà nínú rẹ̀ kò ní ọ̀nà àbájáde mọ́. Sílíkọ́ọ̀nù tó ń rùn kíkan nígbà tó bá ń gbẹ tún léwu ju ìyẹn lọ, nítorí pé ásíìdì ló ń tú jáde, èéfín rẹ̀ nínú ilé iná sì ń jẹ awo dídán.

Bí ìdérí àti ihò èémí bá dára, tí omi sì ń wọlé síbẹ̀, etí iná ló kù láti yẹ̀ wò. Lẹ́yìn tí iná bá ti gbẹ, kí ẹnì kan máa rọra da omi sí i láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ẹlòmíràn máa fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀. Ibi tí omi bá dé kí ẹ̀kán tó yọ nínú ni ibi tó ń jò. A tún lè yọ iná kúrò lára ọkọ̀, kí a lẹ àwọn ihò èémí yòókù pa fún ìgbà díẹ̀, kí a fi ìfófòó ọṣẹ kun etí rẹ̀, kí a sì fi ẹnu fẹ́ afẹ́fẹ́ jẹ́jẹ́ wọ inú ihò kan tó kù. Ibi tó bá ń hó lára etí náà ni ó ṣí.

Títún etí iná lẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ tí mo gbà pé ó yẹ kí a gbé fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Gọ́ọ̀mù butyl máa ń rọ̀ bí a bá fi ooru díẹ̀ sí i, a lè ṣí ojú iná, kí a fọ kòtò rẹ̀ mọ́, kí a fi butyl tuntun sí i, kí a sì dì í padà. Ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù polyurethane tí wọ́n fi lẹ ọ̀pọ̀ iná ìgbà ìsinsìnyí kì í rọ̀, ike ló máa fọ́ kí ó tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó yẹ kí a béèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́ irú èyí tó wà lára iná wa kí ó tó gbé e sí ooru. Bí ojú iná bá sán, tàbí tí awo dídán bá ti bó, kí a má ṣe náwó lé gọ́ọ̀mù mọ́; iná mìíràn ló kàn.

Iná tí a bá yọ kúrò lára ọkọ̀, yálà a tún un ṣe ni tàbí a fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, kì í sábà padà sí ibi tó ń tàn sí tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, kí a tó yọ ọ́, kí a gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ó kọjú sí ògiri, kí a tan iná, kí a fi nǹkan sàmì sí ibi tí òkè ìmọ́lẹ̀ náà dé lára ògiri àti ibi tí táyà dúró sí lórí ilẹ̀. Bí a bá dá iná padà tán, tí ẹrù inú ọkọ̀ àti afẹ́fẹ́ táyà kò yí padà, kí a gbé ọkọ̀ sí ojú àmì yẹn, kí a sì máa yí ìdè tó ń gbé iná sókè sílẹ̀ títí ìmọ́lẹ̀ náà yóò fi bá àmì ara ògiri mu.